Ọmọ Tí Ìpayà Bá Tẹ̀ Lé Dé Ilé-Ìwé

Nínú àwọn lẹ́tà tó dé sí ojú-ewé yìí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ló pọ̀ jù, a ó sì dé orí wọn bó bá yá. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tí n kò lè fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ìyá àgbà kan ló kọ ọ́ láti Òkè Gádà ní Ede níhìn-ín. Ó ní ọmọ-ọmọ òun, ọmọkùnrin ọdún mẹ́sàn-án, ń ti ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ bọ̀ nígbà tí àwọn olè dá ọkọ̀ tó wọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n yìnbọn, wọ́n sì lu awakọ̀ ní àlùbolẹ̀ lójú ọmọ náà. Wọn kò fọwọ́ kan òun fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà, òru kan kì í kọjá kó má tọ̀ sílé, ilẹ̀ kì í mọ́ kí inú má máa run ún, bó bá sì dé ilé-ìwé, ẹnu ọ̀nà ni ojú rẹ̀ ń wò láti àárọ̀ títí wọn yóò fi jáde. Tíṣà rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni, ó sì ti nà án lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá àgbà wá ń béèrè lọ́wọ́ mi pé: "Ṣé kí n dá a dúró sílé títí di ọdún tó ń bọ̀ ni, àbí kí n mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń gbàdúrà?"

Mo ti fi lẹ́tà tèmi dá ìyá wa lóhùn, mo sì ti fi ẹsẹ̀ ara mi dé ilé-ìwé náà. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe àwọn nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀ ilé, ó kan ọ̀pọ̀ kíláàsì, òun ni mo ṣe gbé e wá síhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ gbangba pé ọmọ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì sí ohun kan tó wọ̀ ọ́ lára. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀rù náà sì ń gbé inú ara rẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Ọlọ́run fi ohun kan bí agogo ìkìlọ̀ sínú ọpọlọ gbogbo wa. Bí ewu bá yọjú, agogo yìí a lù kí a tó ronú rárá. Àwọn ẹ̀yà ara kékeré méjì wà lórí kíndìnrín wa tí yóò da omi kan tí àwọn dókítà ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn a máa lù kìkì, èémí a máa yára, ẹ̀jẹ̀ a fi ìfun sílẹ̀ lọ sí apá àti ẹsẹ̀, kí ènìyàn lè sá tàbí kó jà. Iṣẹ́ rere ni. Òun ni ó ń mú wa fò sẹ́yìn kí ọkọ̀ tó gbá wa lójú títì. Bí ewu bá ti kọjá, ó yẹ kí agogo náà dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ohun tí ojú rí bá le jù, kò ní í dákẹ́ bọ̀rọ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ọ̀kadà tó bú gbàù lójú pópó, ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ gbá dé, tíṣà tó jágbe mọ́ ọmọ mìíràn, ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ jọ ti àwọn olè, èyíkéyìí nínú wọn tó láti mú agogo náà lù.

Ìdí nìyí tí inú fi ń run ọmọ láàárọ̀. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Ìfun rẹ̀ kò rí ìsinmi ni. Ìdí nìyí náà tí ìṣirò kò fi wọ orí rẹ̀. Ta ni ó lè jókòó ka ìwé nígbà tí ilé ń jó? Ní ti ọmọ yìí, ilé ń jó ní gbogbo ìgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan ló rí iná náà. Ní ti títọ̀ sílé, ọmọ tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta mẹ́rin, tó tún wá padà sí i lẹ́yìn ìpayà, ara rẹ̀ ló ń bá wa sọ̀rọ̀. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2013, wọ́n sọ ọ́ ní pàtó pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìyà jẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nítorí ìtọ̀lé. Èmi náà ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò sì tí ì rí ìtọ̀lé tí ẹgba wò sàn.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ẹ̀rù ń mú sunkún o. Òmíràn a di oníjà, yóò sì máa gbá ẹ̀ṣẹ́ mọ́ ẹni tó bá fara kàn án. Òmíràn a kàn dákẹ́ lọ bí omi inú ìkòkò, tíṣà yóò sì máa yìn ín pé ó gbọ́ràn. Àwọn kéékèèké a máa fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣeré, eré kan náà lójoojúmọ́, eré tí kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Bí ẹ bá rí ọmọ tó ń fi igi ṣe ìbọn tó ń dá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà láràárọ̀, ẹ má tètè pè é ní ọmọ burúkú.

Ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn òbí tó bá sọ pé, "Ṣebí kò fara pa." Ní ọjọ́ 15 oṣù keje ọdún 1976, ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Chowchilla ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó gbé ìbọn dá bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé dúró. Wọ́n kó ọmọ 26 àti awakọ̀ wọn, Ed Ray. Wọ́n gbé wọn kiri nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, lẹ́yìn náà wọ́n sọ̀ wọ́n sínú ọkọ̀ akẹ́rù kan tí wọ́n ti rì mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí 16 nínú ilẹ̀, awakọ̀ àti àwọn ọmọ náà gbẹ́ ọ̀nà jáde fúnra wọn. Kò sí ẹni tó kú. Gbogbo ìlú yọ̀, àwọn àgbà sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán. Dókítà Lenore Terr, tí í ṣe oníṣègùn ọpọlọ fún àwọn ọmọdé, lọ jókòó ti àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tún padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Kò rí ẹyọ kan nínú àwọn tó bá sọ̀rọ̀ tí ọ̀ràn náà ti tán lára rẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù òkùnkùn, àwọn kan ń bẹ̀rù ọkọ̀ tí wọn kò mọ̀, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ gbà pé àwọn yóò dàgbà. Ọmọ tí kò ní ọgbẹ́ lára ni gbogbo wọn o.

Ẹ má ṣe gba èyí bí ìdájọ́. Lónìí a ti mọ̀ pé ọ̀pọ̀ jùlọ ọmọ ni ara wọn ń balẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí ilé bá tù wọ́n lára tí ilé-ìwé náà sì tù wọ́n lára. Nígbà ogun Hitler, nígbà tí bọ́ǹbù ń já lu London, Anna Freud àti Dorothy Burlingham ṣí ilé ìtọ́jú ọmọdé ní Hampstead. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ yà wọ́n lẹ́nu: ìyapa kúrò lọ́dọ̀ ìyá ń ba àwọn ọmọdé nínú jẹ́ ju bọ́ǹbù lọ. Ọmọ tí àgbà tó mọ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ọkàn àgbà náà sì balẹ̀, a máa fara da ohun púpọ̀. Ojú wa ni ọmọ ń wò láti mọ̀ bóyá ewu wà.

Nílẹ̀ tiwa, a kò ṣàìrí tiwa. Ta ni kò rántí Chibok, níbi tí wọ́n ti kó ọmọbìnrin 276 lóru ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014? Nígbà tó yá, wọ́n mú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó padà bọ̀ lọ sí Yunifásítì Amẹ́ríkà tó wà ní Yola láti tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ wọn. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sì sọ pé ọ̀rọ̀ Òkè Ọya nìkan ni. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2017, wọ́n jí ọmọkùnrin mẹ́fà gbé ní Model College ní Ìgbónlá lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, ó sì di ìparí oṣù keje kí wọ́n tó rí òmìnira. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n dá ọkọ̀ ilé-ìwé kan dúró nítòsí Ẹ̀mùré-Èkìtì, wọ́n sì kó àwọn ọmọ àti àwọn tíṣà wọn wọ igbó. Ọjọ́ 4 oṣù kejì ni wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Kì í sì í ṣe ìbọn nìkan. Ní Ìta Fájì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ wó lé àwọn ọmọ lórí. Ní Baṣọ̀run ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 18 oṣù kejìlá ọdún 2024, ọmọ 35 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi àríyá ọmọdé tí wọ́n fẹ́ ṣe nínú ọgbà ilé-ìwé kan. Lẹ́yìn gbogbo irú nǹkan báyìí, ìwé ìròyìn a kọ iye àwọn tó kú àti iye àwọn tó yè. Àwọn tó yè a sì gbé àpò ìwé wọn, wọn a tún padà sí kíláàsì.

Nítorí náà, kí ni kí á ṣe?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ti ìyá wa ni bóyá kí ó dá ọmọ náà dúró sílé. Mo ní rárá. Ọjọ́ díẹ̀ kò burú, kí ó sùn, kí ó jẹun, kí àwọn ẹbí rẹ̀ yí i ká. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ bá ń gun orí ọ̀sẹ̀, ẹ̀rù a máa dàgbà nínú ilé. Lójoojúmọ́ tí ọmọ bá sá fún ilé-ìwé, ọpọlọ rẹ̀ a máa sọ fún un pé sísá náà ló gbà á là, ọ̀la a sì le ju òní lọ. Ẹ jẹ́ kí ó padà, ṣùgbọ́n kí ó padà díẹ̀díẹ̀ bó bá le fún un. Lọ́jọ́ kìíní, kí ìyá tàbí bàbá bá a dé ẹnu kíláàsì, kí ó sì jókòó síta fún wákàtí kan. Lọ́jọ́ kejì, kí ó dúró lẹ́nu géètì. Kí ẹ sì sọ àkókò tí ẹ óò padà wá mú un, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá sọ pé agogo kan ọ̀sán, ẹ jẹ́ kó jẹ́ agogo kan. Ọmọ tí ẹ bá yọ́ fi sílẹ̀, tí ẹ gba ẹ̀yìnkùlé lọ nígbà tí kò wo ẹ̀yìn, kò ní í jẹ́ kí ẹ lọ mọ́ lọ́jọ́ kejì.

Nínú ilé, ẹ jẹ́ kí oúnjẹ, ìwẹ̀ àti oorun máa wà ní àkókò wọn bíi ti tẹ́lẹ̀. Bó bá fẹ́ sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà fún ìgbà díẹ̀, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹ tan iná kékeré sílẹ̀ fún un bó bá fẹ́ ẹ. Ẹ tẹ́ rọ́bà sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ jí i lẹ́ẹ̀kan lóru láti lọ tọ̀, ẹ sì jẹ́ kí ìfọṣọ àárọ̀ ṣẹlẹ̀ láìsí ariwo àti láìsí pé àwọn àbúrò ń kọrin yẹ̀yẹ́. Èyí tó wá ń bí mi nínú jù láyé ìsinsìnyí ni fóònù. Àgbà yóò jókòó sí pálọ̀, yóò máa wo fídíò ìjínigbé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, yóò gbé ohùn rẹ̀ sókè, ọmọ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí sì wà lẹ́yìn àga. Ẹ pa á, ẹ̀yin ará. Bí ẹ kò bá lè ṣe aláìwò ó, ẹ jáde síta.

Ní ti ọ̀rọ̀ ẹnu, àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn kan a máa fipá mú ọmọ rò ó: "Sọ bó ṣe rí. Kí ni wọ́n wí? Ẹ̀jẹ̀ jáde?" Gbogbo àlejò tó bá wọlé ni yóò tún un sọ fún. Èyí kò dára. Nígbà kan, ní ilẹ̀ òyìnbó, wọ́n rò pé bí a bá kó àwọn tí ìpayà bá jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ara yóò yá wọn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé kò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rò, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ pé kí wọ́n yé e ṣe. Àwọn kejì ni àwọn tó ń sọ pé, "Gbàgbé rẹ̀. Dúpẹ́ pé o yè." Ọpẹ́ dára, ṣùgbọ́n bí a bá fi ọpẹ́ dí ọmọ lẹ́nu, yóò máa dá nìkan gbé ẹrù rẹ̀. Ohun tó tọ́ ni kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ má sì tì í wọlé. Ẹ wí fún un pé, "Bó bá wù ọ́ láti sọ̀rọ̀, mo wà níbí." Ìgbà tí ẹ bá ń ṣa ẹ̀wà tàbí tí ẹ bá jọ ń rìn lọ sí Ọjà Tìmì ni yóò kàn yọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, nígbà tí ẹ kò retí. Ẹ tẹ́tí sí i. Ẹ má ṣe kígbe, ẹ má ṣe ṣépè fún àwọn olè náà. Bó bá béèrè bóyá ẹ̀bi òun ni, nítorí pé òun ló ní kí àwọn dúró ra gúgúrú, ẹ sọ fún un pé ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ọmọdé a máa dá ara wọn lẹ́bi lọ́nà tí àgbà kò lè rò tì.

Ó wá kan ilé-ìwé, níbi tí ọ̀rọ̀ ti le.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ tíṣà ọmọ náà, ọmọbìnrin kan ni, kò sì burú rárá. Ọmọ 50 ó lé díẹ̀ ló wà níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, bí mo bá fi í sílẹ̀ láìnà án, gbogbo kíláàsì ni yóò sọ pé inú ń run àwọn." Mo mọ ohun tó ń sọ. Mo ní, "Kí ni ó ń ṣe bí ẹ bá nà án tán?" Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Á máa gbọ̀n ni. Kò tún ní í kọ nǹkan kan títí a ó fi jáde." Mo ní ohun tí mo wá sọ náà nìyẹn. Ọmọ tó rí àgbàlagbà tí wọ́n ń fi igi lù mọ́lẹ̀, bí a bá gbé pàṣán sókè lójú rẹ̀, kódà bó jẹ́ ọmọ mìíràn la fẹ́ nà, ọkàn rẹ̀ ti padà sí ojú ọ̀nà yẹn. Kò sí ní Ede mọ́.

A jọ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, a sì fẹnu kò sí àwọn nǹkan kan tí kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ yan ibi tó fẹ́ jókòó sí. Ẹ̀gbẹ́ ògiri nítòsí ẹnu ọ̀nà ló yàn, ibi tó ti lè rí ẹni tó ń wọlé láìyí ọrùn. Ó yà mí lẹ́nu pé nǹkan kékeré báyìí ṣe iṣẹ́ tó tóbi: nígbà tí kò ní í yí ọrùn mọ́, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé orí pátákó. Wọ́n fún un láyè láti jáde síta fún ìṣẹ́jú márùn-ún bí àyà rẹ̀ bá ń já, láìgba àṣẹ lójú gbogbo kíláàsì. Yóò kàn gbé rúlà rẹ̀ sórí tábìlì tíṣà ni, tíṣà yóò sì mọ̀. Wọ́n yan àgbà kan ṣoṣo, ìyá tó ń tọ́jú ilé ìkówèésí, pé òun ni yóò máa kí i káàárọ̀ ní géètì, tí yóò sì máa bi í léèrè nígbà oúnjẹ. Àwọn tíṣà yòókù mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mọ gbogbo rẹ̀, kò sì sí ìdí tí wọ́n fi ní láti mọ̀. Kí ọ̀ràn ọmọ má di ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi jẹ ẹ̀pà ní ọ́fíìsì.

Tíṣà náà kọ́ gbogbo kíláàsì bí a ti ń mí. Kò dá ọmọ náà nìkan yà sọ́tọ̀, èyí sì ni ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ẹ fa èémí sínú láti imú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀, ẹ kà dé mẹ́rin, ẹ tú u jáde láti ẹnu bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, ẹ kà dé mẹ́fà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún. Èémí tó jáde pẹ́ a máa sọ fún ọkàn pé kí ó rọra. Àtẹ́wọ́ àti orin náà dára. Ìlú onílù ni Ede. Tìmì John Adétòyèsè Láoyè tó jọba láti ọdún 1946 títí di 1975 kò kà á sí ohun ìtìjú fún ọba láti lu dùndún fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ lùlù, kí wọ́n jó, kí wọ́n ta ayò. Ẹ kàn ṣọ́ra fún eré tí a ti ń di ojú ọmọ, bíi bojúbojú, bí ó bá jẹ́ pé ọmọ náà ti wà lọ́wọ́ àwọn tó fi aṣọ dì í lójú rí. Ẹ jẹ́ kí òun yan èyí tó fẹ́ ṣe.

Ohun mìíràn ni ariwo. Bí wọ́n bá fẹ́ lu agogo, bí wọ́n bá fẹ́ gé igi nínú ọgbà, ẹ sọ fún un ṣáájú. Nígbà ọdún, nígbà tí àwọn ọdẹ bá ń yìnbọn tàbí tí àwọn ọmọ bá ń ju bángà ní ìparí ọdún, ẹ sọ fún un láti àná rẹ̀ pé, "Lọ́la, ìwọ yóò gbọ́ ìró báyìí, àwọn ènìyàn wa ni, ayọ̀ ni wọ́n ń ṣe." Ìró tí a ti sọ tẹ́lẹ̀ kì í dẹ́rù bani bí èyí tó bá ni lójijì.

Bó bá jẹ́ ikú ló ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọmọ kíláàsì, ẹ má ṣe yára gbé àga òkú jáde kí àwọn yòókù tó dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ọmọ tó bá wọlé tó rí àyè òfìfo tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ yóò rò pé bí òun náà bá kú, báyìí ni wọn yóò ṣe gbàgbé òun. Ẹ dárúkọ ẹni tó lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n sunkún. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ jọ fẹnu kò sí ohun tí ẹ óò ṣe sí àga náà.

N kò sì ní í tan yín: ọ̀rọ̀ tútù nìkan kò tó. A kò lè sọ fún ọmọ pé kò sí ewu nígbà tí géètì ti já, tí ẹnikẹ́ni lè gba ìdí igbó wọlé. Nàìjíríà fọwọ́ sí Ìkéde Ilé-Ìwé Tó Láàbò ní ọdún 2015. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn Àmọ̀tẹ́kùn wà láti ọdún 2020. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ òbí àti tíṣà ilé-ìwé tiyín ni yóò mọ̀ bóyá ìlẹ̀kẹ̀ géètì ti bọ́, bóyá ẹnìkan ń ka iye ọmọ tó wọ bọ́ọ̀sì àti iye tó sọ̀ kalẹ̀, bóyá nọ́ńbà fóònù àwọn òbí wà lẹ́nu iṣẹ́ àbí inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa ni. Bí ẹ bá sì tún nǹkan ṣe, ẹ fi han àwọn ọmọ. Ẹ mú wọn lọ wo géètì tuntun náà, kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe sá bí ewu bá dé, ẹ sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀kọ́ ni. Mo ti gbọ́ nípa ibi tí wọ́n ti ní kí ọkùnrin kan da aṣọ bojú, kó já wọ kíláàsì, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àwọn ọmọ yóò sá. Ìwà òpònú gbáà ni.

Kí n tún dé orí àwọn tíṣà: ẹ̀yin náà ń bẹ̀rù, kò sì jẹ́ ìtìjú. Ní Ẹ̀mùré, a kó tíṣà pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa ru gbogbo rẹ̀.

Nípa ìbéèrè kejì ti ìyá wa, èyí tó jẹ mọ́ àdúrà, n kò lòdì sí i. Pásítọ̀ tàbí àlùfáà tó gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí, tó fi ọ̀rọ̀ rere tù ú nínú, tó sì jẹ́ kí ó padà sílé lọ jẹun, iṣẹ́ rere ló ṣe. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti ní kí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n ní ẹ̀mí àìmọ́ ló ń tọ̀ sílé, tí wọ́n sì fẹ́ nà án kí ẹ̀mí náà lè jáde, ẹ gbé ọmọ yín, kí ẹ sì máa lọ. Bákan náà, ẹ má ṣe ra oògùn oorun fún un lọ́dọ̀ àwọn oníkẹ́míìsì. Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe fún ọmọdé ní àwọn oògùn bíi Valium nítorí ìpayà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a. Ọtí ṣíbí kan tí àwọn àgbà kan ń fún ọmọ kó lè sùn, òun náà kò dára.

Ìgbà wo ni kí á wá lọ sí ọsibítù? Bó bá ti lé ní oṣù kan, tí àlá burúkú, ìbẹ̀rù àti sísá fún ilé-ìwé kò sì dín kù, tàbí tí ó ń pọ̀ sí i, ẹ lọ. Bí kò bá jẹun tó ń rù, ẹ má dúró de oṣù kan. Bí ọmọ, pàápàá àwọn tó ti ń bàlágà, bá sọ pé òun ìbá ti kú, tàbí tó ń fi abẹ ya ara rẹ̀, ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Láti Ede, Osogbo kò jìnnà. Ọsibítù Yunifásítì UNIOSUN wà níbẹ̀. Ọsibítù Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀, UCH wà ní Ìbàdàn, Arò sì wà ní Abẹ́òkúta. Mo mọ̀ pé ẹnu ń kún fún orúkọ Arò, àwọn kan sì ń fi í ṣe èébú. Láti ọdún 1954 tí Dókítà Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, tó ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní abúlé ìtòsí, ni àwọn òyìnbó ti ń wá wò ó láti kọ́ ẹ̀kọ́. Ìtọ́jú tó ṣiṣẹ́ jù fún ọmọ tí ìpayà kò fi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ ni, pẹ̀lú ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù díẹ̀, òbí náà sì máa ń bá wọn jókòó.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú ìwé kékeré kan dání. Ẹ kọ ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ sí i, ọjọ́ tí ìtọ̀lé bẹ̀rẹ̀, iye òru tí ó fi ń tọ̀ nínú ọ̀sẹ̀, ohun tó máa ń mú un ta gìrì, àti ohun tó ń tù ú lára. Ẹ bẹ tíṣà rẹ̀ kí ó kọ tirẹ̀ sí i. Ó máa ń ran dókítà lọ́wọ́ púpọ̀, kò sì ní í jẹ́ kí ọmọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rò gbogbo rẹ̀ lójú àjèjì lọ́jọ́ kìíní.

Ìyá tó kọ̀wé láti Ṣẹ̀kọ́nà nípa oorun tí kò wá lóru, mo rí lẹ́tà yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé sọ ọjọ́ orí yín fún mi àti oògùn tí ẹ ń lò, kí n lè dá yín lóhùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.